Nígbà tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bá ní ẹ kò láṣẹ: bí a ṣe ń wá ohun tó dí ádímìn lọ́nà

“Access is denied.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí lè dá iṣẹ́ odidi ọ́fíìsì dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ì báà jẹ́ ní Broad Street tàbí ní Ikeja. Akáǹtáǹtì kò lè ṣí fóldà owó oṣù, akọ̀wé kò lè fi príńtà tuntun sí ẹ̀rọ rẹ̀, ádímìn fúnra rẹ̀ kò sì lè wọ C$ (ọ̀nà tí ádímìn ń gbà wọ dráífù C láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) orí kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá kejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lójú ẹsẹ̀ ni pé wọ́n á fi orúkọ onítọ̀hún sínú Administrators (ẹgbẹ́ àwọn tó ní gbogbo agbára lórí ẹ̀rọ) kí ariwo lè rọlẹ̀. A kò fara mọ́ ọn rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àṣẹ ni kò tó. Aago ẹ̀rọ lè ti yà kúrò lọ́nà, DNS (ohun tó ń fi orúkọ ẹ̀rọ wá àdírẹ́sì rẹ̀) lè máa tọ́ka síbi tí kò yẹ, páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ lè fara pamọ́ sínú ẹ̀rọ, tàbí kí òfin kan láti orí sẹ́fà (kọ̀ǹpútà àpapọ̀ tí àwọn yòókù ń gba fáìlì àti òfin lọ́dọ̀ rẹ̀) máa yọ ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín fi sí i. Ẹni tí ẹ bá sọ di ádímìn nítorí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ á padà wá bá yín lọ́la pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà. Lọ́jọ́ tó bá sì tẹ ìlíńkì burúkú nínú ímeèlì, agbára ádímìn ni kòkòrò náà máa fi ṣiṣẹ́.

Ẹni tí àbójútó kọ̀ǹpútà wà níkàáwọ́ rẹ̀ la ń bá sọ̀rọ̀, lórí Windows 10 àti 11. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin ni kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ímeèlì kúkúrú kan ti tó. Abala 6 òfin Cybercrimes Act ti ọdún 2015 ka wíwọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì láìgbàṣẹ sí ọ̀ràn.

Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ sọ fún ẹni tó ké sí yín pé kó má tíì pa ohun tó hàn lójú ẹ̀rọ, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. “Bùrọ̀dá, kò gbà fún mi” kò sọ nǹkan kan fún yín. Tó bá jẹ́ fóldà orí sẹ́fà ni kò ṣí, ẹ ṣí cmd (fèrèsé dúdú tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún Windows) lórí ẹ̀rọ onítọ̀hún, kí ẹ tẹ:

net use \\SEFA01\owo-osu

Ẹ fi orúkọ sẹ́fà tiyín rọ́pò SEFA01. Bí ó bá dáhùn pé System error 5, sẹ́fà ti rí yín, ó ti mọ̀ yín, ó kàn ní ẹ kò láṣẹ síbẹ̀ ni. Èyí nìkan ló jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣẹ gan-an. Error 53 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ sẹ́fà rárá, nítorí náà kébù, DNS tàbí firewall (ohun tó ń pinnu ẹni tó lè gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ ẹ̀rọ) ni kí ẹ lọ wò, ẹ má fọwọ́ kan àkáǹtì ẹnikẹ́ni. 1326 ni pé orúkọ tàbí páásíwọ́ọ̀dù kò bá ti sẹ́fà mu. 1398 ni aago. 1219 máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: ó ń sọ pé ẹ̀rọ náà ti fi orúkọ kan wọ sẹ́fà yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ sì tún fẹ́ fi orúkọ mìíràn wọ ọ́. Windows kì í gba orúkọ méjì lọ́dọ̀ sẹ́fà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, kó pa àwọn fáìlì tó ṣí, kí ẹ wá lo net use * /delete, kí ẹ tún un wọ̀.

1909 ni àkáǹtì tó ti tì pa. Ẹ má kàn ṣí i kí ẹ máa lọ, nítorí yóò tún tì. Lórí domain controller (sẹ́fà tó ń dá àkáǹtì gbogbo ọ́fíìsì mọ̀), ẹ wá 4740 nínú Event Viewer (ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí), lábẹ́ Security. Níbi tó ti kọ Caller Computer Name, ẹ ó rí orúkọ ẹ̀rọ tó ń fi páásíwọ́ọ̀dù tí kò tọ̀nà kan ilẹ̀kùn. Ohun tó sábà máa ń jẹ́ ni páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ tí ẹnì kan fi pamọ́ kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ yẹn, cmdkey /list máa fi hàn, cmdkey /delete:SEFA01 á sì yọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá kọ orúkọ náà bí ó ṣe wà nínú lísìtì. Bí sẹ́fà ímeèlì bá wà nínú ọ́fíìsì, fóònù onítọ̀hún náà lè máa fi páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ béèrè ímeèlì láti àárọ̀.

Fún wíwọlé tó kùnà, 4625 ni ẹ ó wá. Lábẹ́ rẹ̀ ni Sub Status wà: 0xC000006A ni páásíwọ́ọ̀dù tí kò tọ̀nà, 0xC0000072 ni àkáǹtì tí wọ́n ti pa, 0xC0000234 ni èyí tó tì, 0xC0000133 sì ni aago tí kò bára mu.

Ta ni ẹ̀rọ náà gbà pé ẹ jẹ́?

Láti ìgbà Windows Vista, ẹni tó wà nínú Administrators pàápàá kì í gbé gbogbo agbára rẹ̀ rìn. Bó bá wọlé, Windows á fún un ní agbára òṣìṣẹ́ lásán, á sì fi ti ádímìn pamọ́ títí yóò fi yan Run as administrator. Ẹ tẹ:

whoami /groups

Bí BUILTIN\Administrators bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí “Group used for deny only” wà níwájú rẹ̀, tí Mandatory Label sì jẹ́ Medium, ẹ ṣì wà ní agbára òṣìṣẹ́ lásán nìyẹn. Ẹ pa cmd náà, ẹ fi Run as administrator ṣí òmíràn, kí ẹ tún un wò. Ó yẹ kó di High. Ibí yìí náà ni dráífù Z: ti máa ń “sọnù” mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́: dráífù tí ẹ so mọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú agbára lásán kì í hàn nínú cmd tó ní agbára ádímìn. Ẹ kọ ọ̀nà náà ní kíkún, \\SEFA01\owo-osu, ó máa ṣí.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnì kan sínú ẹgbẹ́ lórí sẹ́fà, kò ní rí àǹfààní rẹ̀ títí yóò fi jáde pátápátá, tó sì tún wọlé. Kó ti ojú ẹ̀rọ pa kó tún ṣí i kò tó. Bí láptọ́ọ̀pù náà kò bá sì rí domain controller nígbà tó wọlé, ohun tí Windows ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ ló máa lò, nítorí pé ó máa ń rántí ẹni 10 tó wọlé kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ẹni tó kọ́kọ́ so láptọ́ọ̀pù mọ́ MiFi láàárọ̀ fi lè wọlé dáadáa, tí fóldà ọ́fíìsì á sì kọ̀ fún un.

Ní ti fóldà, àṣẹ méjì ló wà lórí rẹ̀: ti share (fún ẹni tó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá) àti ti NTFS (lórí dráífù gan-an). Èyí tó bá le jù nínú méjèèjì ló máa ń borí. Ẹ lè fún ẹ̀ka ìṣirò owó ní Full Control nínú NTFS, bí share bá ṣì wà ní Read, wọn kò ní lè fi fáìlì pamọ́ síbẹ̀. Get-SmbShareAccess -Name owo-osu á fi ti share hàn, icacls D:\OwoOsu á fi ti NTFS hàn. Ẹ wo Deny dáadáa: ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ méjì, tí ọ̀kan gbà fún un tí èkejì sì ní Deny lórí fóldà yẹn gan-an, kò ní wọlé.

Aago, níbi tí iná kì í dúró

Ibí la ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, nítorí àwọn tó ń kọ ìtọ́sọ́nà níbi tí iná kì í ti í lọ kì í sọ ọ́ tó. Kerberos, tí dòméènì Windows (àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ domain controller) fi ń dá ènìyàn mọ̀, kì í gbà kí aago ẹ̀rọ àti ti domain controller fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ jìnnà síra. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìwọlé lè máa kùnà níbì kan kó sì máa yọrí níbòmíì, orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù onítọ̀hún kò sì ní àbùkù kankan.

Ohun méjì ló ń fà á ní Èkó. Èkíní ni bátìrì kékeré orí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, CR2032, tó jẹ́ fólítì 3. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, tí wọ́n sì pa jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, bátìrì yìí nìkan ló ń tọ́jú aago desktop. Bó bá ti kú, ẹ̀rọ náà á jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ọdún tó ti kọjá tipẹ́. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Bó bá ti wálẹ̀ sí fólítì 2.7, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ wáyà iná kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ. Bí BitLocker (tó ń ti dráífù pa kí ẹlòmíì má lè kà á) bá wà lórí rẹ̀, ẹ rí i pé recovery key onídíjíìtì 48 wà lọ́wọ́ yín ṣáájú, torí BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé) lè padà sí bó ṣe wà nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́, BitLocker á sì béèrè kọ́kọ́rọ́ náà.

Èkejì ṣòro láti rí. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tokunbo tó ti ìlú òyìnbó wá ṣì wà lórí time zone London. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, aago London àti ti Èkó bára mu, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Tí oṣù Kẹwàá bá parí, aago London á padà sẹ́yìn wákàtí kan. Ẹnì kan nínú ọ́fíìsì á rí i pé aago rẹ̀ kò tọ̀nà, á sì fi ọwọ́ sún un síwájú. Lójú, ó ti tọ̀nà. Ṣùgbọ́n UTC (àkókò àgbáyé tí kì í tẹ̀ lé time zone) ni Kerberos ń wò, ti ẹ̀rọ náà sì ti fi wákàtí kan ṣáájú ti sẹ́fà. Ẹ tún time zone ṣe ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan aago:

tzutil /s "W. Central Africa Standard Time"
w32tm /resync
w32tm /query /status

Bí gbogbo ọ́fíìsì bá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ wo aago domain controller fúnra rẹ̀. Èyí tó bá di ipò PDC emulator (olórí àwọn domain controller ní ti aago) mú ló gbọ́dọ̀ máa gba àkókò láti ìta, àwọn yòókù á sì máa gbà á lọ́dọ̀ rẹ̀:

w32tm /config /manualpeerlist:"0.pool.ntp.org 1.pool.ntp.org" /syncfromflags:manual /reliable:yes /update

DNS àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yí padà

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń falẹ̀, ẹnì kan á sọ pé kí wọ́n fi 8.8.8.8 sí DNS. Ojú ìwé yóò máa ṣí, ṣùgbọ́n 8.8.8.8 kò mọ dòméènì yín. Ẹ̀rọ kò ní rí domain controller mọ́, òfin tuntun kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù tuntun náà kò sì ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kí ẹ fi í sí ipò kejì pẹ̀lú kò dára, torí bí sẹ́fà yín bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, Windows á yà sí èkejì, ó sì lè máà tètè padà. Domain controller nìkan ni kó wà nínú DNS ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Lórí domain controller ni kí ẹ ti fi 8.8.8.8 sí Forwarders (ibi tó ń darí ìbéèrè tí kò mọ̀ sí), bí ẹ bá fẹ́ ẹ. Ẹ fi ipconfig /all wo ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì dán èyí wò pẹ̀lú orúkọ dòméènì yín:

nltest /dsgetdc:ofiisi.local

Bí orúkọ sẹ́fà bá jáde, ọ̀nà ti là. Bí kò bá jáde, tí DNS sì tọ̀nà, ẹ wo ráútà: bóyá ráútà tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá ló ń pín àdírẹ́sì dípò sẹ́fà yín. Ẹ pa DHCP rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ pípín àdírẹ́sì náà.

Ẹ̀rọ tó bá so mọ́ ráútà tuntun lè ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí Public, níbi tí firewall kì í ti í jẹ́ kí ẹ̀rọ mìíràn wọ fóldà rẹ̀. Get-NetConnectionProfile á sọ ohun tó kà á sí. Test-NetConnection SEFA01 -Port 445 á sì sọ bóyá ọ̀nà fóldà ṣí. 3389 ni ti Remote Desktop.

“The trust relationship… failed”

Kọ̀ǹpútà tó wà nínú dòméènì ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, tó ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 30 ọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dá ẹ̀rọ padà sí bákúọ́ọ̀pù oṣù méjì sẹ́yìn, tàbí tí ẹ̀rọ méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, páásíwọ́ọ̀dù ọwọ́ rẹ̀ àti ti sẹ́fà kò ní bára mu mọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ òkè yìí ń sọ nìyẹn. Kò sí ìdí láti yọ ọ́ kúrò nínú dòméènì kí ẹ tún un fi sí i. Ẹ fi àkáǹtì ádímìn ti ẹ̀rọ náà wọlé. Bí kò bá sí, ẹ yọ kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ fi àkáǹtì dòméènì ádímìn tó ti wọ ibẹ̀ rí wọlé, kí ẹ wá so kébù padà. Lẹ́yìn náà, nínú PowerShell 5.1 tó wà nínú Windows, pẹ̀lú Run as administrator:

Test-ComputerSecureChannel -Repair -Credential OFIISI\orukọ-adimin

Bó bá sọ True, ẹ tún ẹ̀rọ tàn.

Ọ́fíìsì kékeré tí kò ní dòméènì

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ní Balogun tàbí Surulere, kọ̀ǹpútà márùn-ún wà lórí ráútà kan, kò sí domain controller. Ádímìn ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà, síbẹ̀ \\KOMP3\C$ ń sọ pé Access is denied. UAC, ohun kan náà tó ń fi agbára ádímìn pamọ́ bí a ṣe sọ lókè, ló fà á: àkáǹtì abẹ́lé tó bá gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé máa ń pàdánù agbára ádímìn rẹ̀, àfi àkáǹtì Administrator tó bá Windows wá. Ohun tó ń ṣí i rèé, lórí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ wọ̀:

reg add HKLM\SOFTWARE\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Policies\System /v LocalAccountTokenFilterPolicy /t REG_DWORD /d 1 /f

Ẹ má ṣe èyí bí páásíwọ́ọ̀dù ádímìn bá jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ẹni tó bá gba ọ̀kan ti gba márààrún nìyẹn. Fóldà lásán kò nílò rẹ̀ rárá. Share tó bójú mu ti tó. Bí Windows 11 24H2 bá sì kọ̀ láti ṣí NAS (àpótí tí a ń tọ́jú fáìlì sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àtijọ́ tí kì í béèrè páásíwọ́ọ̀dù, kì í ṣe àkáǹtì yín ló bàjẹ́: ẹ̀dà yẹn ti pa ìwọlé guest (láìsí páásíwọ́ọ̀dù) lórí Pro, ó sì fẹ́ SMB signing (kí ẹ̀rọ méjèèjì máa fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra). Ẹ ṣẹ̀dá orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù lórí NAS náà.

Àṣẹ tó ń parẹ́ lóru

Ẹ fi ẹnì kan sínú Administrators lónìí, ó ṣiṣẹ́. Lọ́la ó ti sọnù. Òfin Restricted Groups, tó ń sọ àwọn tó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kan, ló wà lórí sẹ́fà. Group Policy, tó ń gbé òfin sẹ́fà dé orí ẹ̀rọ, máa ń lọ wo ohun tuntun ní ìṣẹ́jú 90, pẹ̀lú àfikún tó lè tó 30, ṣùgbọ́n òfin ààbò máa ń padà fi ara rẹ̀ lélẹ̀ ní wákàtí 16 kọ̀ọ̀kan, bí a kò tilẹ̀ yí nǹkan kan padà. 4733 nínú Event Viewer, níbi tí auditing (kíkọ irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀) bá wà, á fi àkókò tí wọ́n yọ ọ́ hàn. Láti mọ òfin tó ṣe é:

gpresult /h C:\Temp\ofin.html

Ẹ ṣí fáìlì náà, ẹ wá Restricted Groups, ẹ ó rí orúkọ GPO (àkójọ òfin tó ti wá) níwájú rẹ̀. Orí sẹ́fà ni kí ẹ ti tún un ṣe.

Príńtà àti sọ́fítíwia tó ń béèrè ádímìn

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021, lẹ́yìn PrintNightmare (ihò ààbò kan nínú ètò príńtà Windows), ádímìn nìkan ni Windows gbà láyè láti fi driver príńtà sí ẹ̀rọ. Àwọn kan á ní kí ẹ yí RestrictDriverInstallationToAdministrators sí 0. Ihò tí wọ́n dí yẹn lẹ ó tún ṣí padà. Ẹ fi driver náà sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fúnra yín lẹ́ẹ̀kan, òṣìṣẹ́ á sì fi príńtà kún un láìsí wàhálà.

Sọ́fítíwia ìṣirò owó àtijọ́ tó ń kígbe pé òun fẹ́ ádímìn kì í sábà nílò ju pé kó lè kọ nǹkan sínú fóldà rẹ̀. Ẹ gba Process Monitor láti Sysinternals, ẹ fi Result is ACCESS DENIED ṣe filter, ẹ ṣí sọ́fítíwia náà, ẹ ó rí fóldà tàbí registry tó kọ̀ fún un. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti fún ẹgbẹ́ náà láyè:

icacls "C:\Isiro" /grant "OFIISI\Akanti:(OI)(CI)M"

Láptọ́ọ̀pù tokunbo

Bí láptọ́ọ̀pù tí ẹ rà ní Computer Village, Ikeja, bá ń sọ pé “Some settings are managed by your organization”, ẹ tẹ dsregcmd /status. Bí AzureAdJoined bá jẹ́ YES, ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ní i ṣì ń pàṣẹ fún un. Fífi Windows tuntun sí i lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi sínú Autopilot (ibi tí ilé iṣẹ́ ti ń forúkọ ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft), ní kété tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ ń tún un tò, á tún béèrè ímeèlì ilé iṣẹ́ yẹn. Ilé iṣẹ́ náà nìkan ló lè yọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà kúrò. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà á ṣe reset rẹ̀ lójú yín títí dé ibi tí ó ti ń béèrè orúkọ. Ẹ wọ BIOS náà wò, F2, F10 tàbí Esc gẹ́gẹ́ bí irú ẹ̀rọ bá ṣe jẹ́. Bó bá béèrè supervisor password tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ dá a padà fún un. Ẹ wo ẹ̀dà Windows pẹ̀lú: Home kì í wọ dòméènì, owó Pro á sì tún wà lọ́rùn yín.